Kí Alága Tuntun Tó Gba Kọ́kọ́rọ́, Kí Wọ́n Ka Ẹrù Ìlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n olóhun tí kò mọ iye ohun tó ní, ọjọ́ wo ni tirẹ̀? Olè lè kó mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan, kí ó sì tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ olùdìbò àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti rí nìyí jákèjádò Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi ìpínlẹ̀ Kàdúná ṣe ilé kò yọ sílẹ̀.

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tún dé. Àwọn olùdíje ń ṣèlérí títì, wọ́n ń ṣèlérí omi, wọ́n ń ṣèlérí iná ojú pópó. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tó ti wà nílẹ̀? Kànga ẹ̀rọ mélòó ni ìjọba ìbílẹ̀ ti gbẹ́, mélòó ló sì ń pọn omi lónìí? Katapílà tí wọ́n rà láti tún ọ̀nà ṣe dà? Ṣọ́ọ̀bù mélòó ni ìjọba ìbílẹ̀ ní, ta ni ó wà nínú wọn, èló ló sì ń wọlé lórí wọn lọ́dún? Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú àká, tó sì ń ṣèlérí ìkórè tuntun, ó yẹ kí ojú tì í.

Ọ̀rọ̀ òfin ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríwísí lásán. Àtẹ Kẹrin tó wà nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kó ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú, itẹ́ òkú, òpópónà àdúgbò, iná pópó àti gọ́tà sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó tó ń wá láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa dé ọwọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn, ìyẹn nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí ìdájọ́ náà, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n bí owó bá ń wọ àpò tó ti ya nídìí, kí ni èrè rẹ̀? Alága tó bá fẹ́ gba owó tààrà gbọ́dọ̀ ṣe tán láti jíhìn tààrà.

Irinṣẹ́ tó lè mú ìjíhìn yìí rọrùn ti wà. Òun ni ètò tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní cloud. Àkọsílẹ̀ kò sí nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní sẹkitéríàtì. Ó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níbòmíràn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń ṣí i. Wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ohun kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ tàbí kànga ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ á fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, á kọ ibi tó wà, ọjọ́ tí wọ́n rà á, iye tí wọ́n rà á, ẹni tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Bí iná bá jó ọ́fíìsì, àkọsílẹ̀ kò jó. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohun kan padà níbẹ̀, ètò tí wọ́n ṣe dáadáa á fi orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tó ṣe é hàn.

Àwọn kan yóò ní kò sí iná, kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Fóònù lè pa àkọsílẹ̀ mọ́ títí yóò fi rí nẹ́tíwọọ̀kì tí yóò fi í ránṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Kàdúná yìí kan náà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2018. Ṣé ìlú tó lè fi ẹ̀rọ ka ìbò ni kò lè fi ẹ̀rọ ka àga?

Àwọn mìíràn yóò ní ẹni tó ń purọ́ nínú ìwé yóò purọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kọ̀ǹpútà kì í mú olè. Alága tó bá ra ètò olówó ńlá láìka ẹrù, kọ́ńtíráàtì tuntun ló gbé jáde fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò tún ìlú ṣe. Nítorí náà, kíkà ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ní gbangba, pẹ̀lú aṣojú àwọn ọlọ́jà, àwọn awakọ̀ àti àwọn onílé. Àdéhùn tí wọ́n bá sì bá ilé-iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni àkọsílẹ̀ náà, pé yóò lè kó gbogbo rẹ̀ jáde bí àdéhùn bá parí, àti pé ilé-iṣẹ́ náà yóò pa Òfin Ààbò Dátà ti 2023 mọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí owó ọdọọdún kò bá wọlé ni ìlú yóò rí i pé ìwé ìní òun ti wà lọ́wọ́ àjèjì.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá kan máa ń sọ fúnra wọn, pé àlejò kì í bi onílé léèrè ohun tó wà nínú yàrá. Ta ni àlejò? Ẹni tó ń san owó ọjà, tó ń wọkọ̀ ní gáréèjì, tó sin òbí rẹ̀ sí itẹ́ òkú ìlú, tó sì ní káàdì ìdìbò lọ́wọ́? Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 kò béèrè ibi tí wọ́n ti bí ènìyàn. Ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí, ó sì fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ní 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà kò mọ sórí ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Nítorí náà, kí olùdíje tó bá wá sí ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá bá ìbéèrè mẹ́ta níbẹ̀. Ṣé yóò jẹ́ kí wọ́n ka ẹrù ìjọba ìbílẹ̀ ní gbangba láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́? Ṣé yóò gbé àkọsílẹ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ìyá ọlọ́jà ti lè fi fóònù ọmọ rẹ̀ kà á? Ṣé yóò fọwọ́ sí ìwé ìfilélọ́wọ́ tó to ẹrù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ tó bá wọlé àti ní ọjọ́ tó bá ń lọ?

Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ìrẹsì àti àńkárá tó bá pín kò gbọ́dọ̀ ra ìbò kan. Ẹni tó ń sá fún kíkà kí ó tó dé orí àga, nígbà tó bá dé ibẹ̀ tán, kí ni yóò ṣẹ́ kù tí ìlú yóò kà?