Ẹ Má Mú Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Sìgá Sílẹ̀ Búra Lójú Ògún

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ àwọn àgbà awo kan nínú, àwọn tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ó ti tó àkókò kí ẹnìkan sọ ọ́. Ó ti ń di àṣà láàárín wa pé bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá mímu, a ó mú un lọ sí ojú Ògún, a ó gbé irin lé e lọ́wọ́, a ó ní kí ó fi ẹnu kàn án, kí ó sì búra pé òun kò ní í mu ún mọ́ láéláé. Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí. Wọ́n ní Ògún kì í gba irọ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ yóò sì di ẹni náà mú. Èrò tèmi ni pé ìbúra yẹn ń pa ènìyàn lára ju bí ó ṣe ń ràn án lọ́wọ́ lọ, mo sì ń bẹ̀ wá pé kí a dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹni náà ń bá jà. Bí ènìyàn bá fa ẹ̀fín sìgá sínú, nikotíìnì tí ó wà nínú ewé tábà kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó dé ọpọlọ. Tí ó bá ti mọ́ ọpọlọ lára, tí ọpọlọ kò sì rí i mọ́, ara kò ní í gbà á: ìkanra, orí fífọ́, àìróorunsùn, ọkàn tí kò balẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ó sábà máa ń le jù, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ó tó rọlẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà ṣe ìṣirò iye ìgbà tí ènìyàn ń gbìyànjú kí ó tó jáwọ́ pátápátá, wọ́n ní ó lè tó ìgbà 30 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti fi irin búra ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ni kí ó wá ṣe ní ìgbà kejì? Ohun tí mo ń rí ni pé ó máa ń sá. Kò ní í wá sí ọ̀sẹ̀ Ifá mọ́, kò ní í kọjá níwájú ojúbọ, yóò sì máa mu sìgá rẹ̀ níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù ikú lórí rẹ̀. Kí ni èrè wa níbẹ̀?

Iṣẹ́ ẹ̀dá-èdè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ fàyè gbà mí díẹ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan, bárakú: ohun tí ó bá ara dé ojú ikú. Ẹni tí ó bá sọ pé sìgá ti di bárakú fún ọmọkùnrin kan ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ara, pé ó ju ìwàkiwà lọ. Kò tún yẹ kí ẹnu kan náà pè é ní aláìníwà nítorí pé kò lè fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹ tún wo jáwọ́. Ọwọ́ ni èdè wa ní kí ènìyàn já, kò ní kí ó já ẹ̀mí. Ọwọ́ tí ń ṣá ìṣáná yìí lè kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ó tún padà síbẹ̀ ní ọ̀tunla, a ó sì tún já a. Bí ènìyàn bá sì kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni Yorùbá máa ń wí? Pẹ̀lẹ́. Àgbà a tiẹ̀ máa bi í pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí ti òsì, kí ó lè mọ ohun tí ọ̀nà ń sọ. N kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti bú ẹni tí ó kọsẹ̀.

Nínú ilé Ifá tí mo wà, àáró ni a fi rọ́pò ìbúra. Gbogbo wa mọ àáró: lónìí a jọ ro oko tìrẹ, lọ́la a jọ ro tèmi. Àwọn tí ó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ń pàdé ní ọrọọrún, ní Ọjọ́ Awo. Ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa bá iṣẹ́ yìí mu ju ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lọ, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná ní ọjọ́ kẹta kò lè dúró de ọjọ́ keje. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tí ó lè pè lórí fóònù nígbàkígbà. Òǹgbẹ sìgá a máa dé bí ìjì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sábà ń lò. Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹnìkan sọ lè gbà á kọjá.

Awakọ̀ kan wà nínú wa tí ó ti ń mu sìgá fún ogún ọdún. Ogójì ọjọ́ gbáko ni ó lò láìfi ẹnu kàn án. Lẹ́yìn náà a kò rí i ní ìpàdé kan, a kò rí i ní èkejì, kò sì gbé fóònù. Ìyá aláṣọ tí ó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ gba ilé rẹ̀ lọ. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Níbo lo wà nígbà tí o fà á?" Ọkùnrin náà ní òun ti bà á jẹ́ ná, ojú ń ti òun. Níkẹyìn ó sọ ọ́: ní gáréèjì ni, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò kò tíì kún ọkọ̀, alátẹ tí ń ta súìtì àti sìgá ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 lòdì sí títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà. Ta ló ń tẹ̀lé e?) Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ìkángun kejì. Ó tún kọsẹ̀ nígbà ìsìnkú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ó pè wá.

"Mo ti bà á jẹ́ ná": gbólóhùn yẹn ni ọ̀tá. Alan Marlatt, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lórí èyí. Ó rí i pé ẹyọ sìgá kan kò lágbára tó èrò tí ń tẹ̀ lé e, èrò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ènìyàn kúkú mu páálí náà tán. Ìbúra irin ni ó ń fi omi sí irú èrò bẹ́ẹ̀ nídìí.

Àwọn kan á ní a ti ń kẹ́ wọn jù. Bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé bí ọmọ awo bá ṣèèṣì jẹ èèwọ̀ rẹ̀, a kì í lé e jáde? A ó bi Ifá, a ó ṣe ètùtù, yóò sì padà sídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní tábà pàápàá jẹ́ ara ìṣẹ̀ṣe, pé àwọn ará wa ní Kúbà ń fẹ́ ẹ̀fín rẹ̀ sí Elegguá. Ohun tí ilẹ̀ wọn ń hù ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àlejò ni tábà nílé wa. Láti òdìkejì òkun ni ó ti wá, tábà Bahia tí wọ́n fi omi ìrèké sísè pa lára sì wà nínú ohun tí àwọn oníṣòwò fi ra àwọn ènìyàn wa ní Ouidah ní sẹ́ńtúrì 18. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó ń pa ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún. Ní ti àwọn awo tí ń ta àgúnmu "ọjọ́ mẹ́ta péré," kí wọ́n mú ẹnìkan tí ó ti pé ọdún kan wá kí a rí i. Ẹni tí ó bá nílò gọ́ọ̀mù nikotíìnì tàbí oògùn dókítà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì padà wá sí àáró.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ó kù, ẹ̀yin àgbà. Àwọn tí a ti mú búra tẹ́lẹ̀ wà nígboro, tí wọ́n ń sá fún wa. Ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a da obì, kí a ṣe ètùtù, kí a tú ìbúra náà lọ́rùn wọn, kí wọ́n lè wọlé jókòó láàárín wa ní Ọjọ́ Awo tí ń bọ̀.