Ìṣirò Year 7 ló ń yan ìdánwò GCSE fún yín, ẹ má dúró de Year 10

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹwàá, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Year 7 jókòó sí ìdí tábìlì nílé ìdáná wa ní Cheetham Hill, ó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ìbéèrè tó dà á láàmú kò gùn rárá: −1 − (−4). Ó ti kọ −5 síbẹ̀, olùkọ́ sì ti fa igi pupa sí i.

Màmá wa ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Wọn ò tilẹ̀ wo ìwé náà. Wọ́n ní, "Bí pọ́n-ùn 3 bá wà lọ́wọ́ ẹ, tí o sì jẹ mí ní gbèsè pọ́n-ùn 4, èló ni tìẹ gan-an?"

Àbúrò mi ní, "Kò sí tèmi, Mà. Mo ṣì jẹ yín ní pọ́n-ùn 1."

"Ó dáa. Mo ti fi gbèsè pọ́n-ùn 4 yẹn jì ẹ́. Èló ló wá jẹ́ tìẹ?"

"Mẹ́ta." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó pa −5 rẹ́, ó kọ 3.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Year 7, 8 àti 9 ní Manchester àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Èrò tèmi ni pé ọdún mẹ́ta yìí, tí ọ̀pọ̀ wa ń fi ṣeré nítorí pé GCSE ṣì jìnnà, ni wọ́n ti ń pinnu irú ìdánwò tí a máa ṣe. Èrò mi kejì ni pé olùrànlọ́wọ́ kan wà nílé wa tí a kì í lò.

Ẹ wo ohun tó wà nínú iṣẹ́ ọdún kan ṣoṣo. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù keje, ọmọ Year 7 lè kọ́ nípa nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo, nọ́ńbà tó ń pín òmíràn láìṣẹ́kù, ìdá àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́tà tó dúró fún nọ́ńbà, igun, àti bí a ṣe ń ka àwòrán ìṣirò. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń lò láti ọdún 2014 to iṣẹ́ Year 7 sí Year 9 sílẹ̀ lápapọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti yan èyí tó máa ṣáájú. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ yín ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè ti kọ́ ohun tí ẹ kò tíì dé, ìyẹn ò sọ pé ó gbọ́n jù yín lọ. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ẹ fo nǹkan kan. Iṣẹ́ ìṣirò máa ń gun ara wọn lórí ni. Ẹni tí kò mọ ìdá dáadáa ní Year 7, áljẹ́brà Year 9 á di ìjà fún un, kì í sì í ṣe áljẹ́brà ló ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ibí náà ni mo ti kàwé. Ní Year 8, wọ́n gbé mi láti set 2 lọ sí set 4. Inú mi dùn! Iṣẹ́ rọrùn níbẹ̀, mo ń gba máàkì tó pọ̀, kò sẹ́ni tó ń yọ mí lẹ́nu. Year 10 ni mo tó mọ̀ pé ìdánwò Foundation ni wọ́n ń múra wa sílẹ̀ fún, àti pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ gba gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀, 5 ni òpin ohun tó lè rí. Ẹni tó bá fẹ́ 6 sókè títí dé 9, àfi kó ṣe Higher. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń béèrè 6 tàbí 7 kí wọ́n tó gba ènìyàn fún A level ìṣirò. Nígbà tí mo fẹ́ padà sókè, ọdún méjì áljẹ́brà ni mo ti pàdánù. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi. Kò kàn sẹ́ni tó sọ fún mi ni, èmi náà ò sì béèrè.

Àwọn òbí wa ńkọ́? Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Níbi tí wọ́n ti kàwé, ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, káàdì èsì ìdánwò máa ń sọ ipò ọmọ ní kílásì: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹtàdínlógún. Bí o bá ṣe ipò kẹtàdínlógún, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Níbí, ìwé kan ló ń wá sílé, ó ní ọmọ ń ṣe ohun tí wọ́n retí láti ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mi ka tèmi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n retí gan-an ló kéré.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìyọkúrò tó mú àbúrò mi fẹ́ sunkún. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1948, ní Yunifásítì Manchester, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Baby ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Frederic Williams, Tom Kilburn àti Geoff Tootill ló kọ́ ọ. Òun ni kọ̀ǹpútà oníná àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n tọ́jú sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Kilburn gbé fún un, iṣẹ́ Year 7 ni: yàtọ̀ sí 262,144 fúnra rẹ̀, nọ́ńbà wo ló tóbi jù tó lè pín in láìṣẹ́kù? Ó gba Baby ní ìṣẹ́jú 52 kó tó dáhùn pé 131,072 ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Baby kò ní ẹ̀yà ara tó ń ròpọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nọ́ńbà kúrò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ òdo, ó tán. Bó bá fẹ́ ro 5 àti 3 pọ̀, á sọ 5 di −5, á yọ 3 kúrò kó di −8, á wá yí i padà sí 8. Wọ́n ti tún irú rẹ̀ kọ́, ó sì wà ní Science and Industry Museum ní ìlú wa yìí.

Ta ni ẹ tún mọ̀ tó fẹ́ràn ìyọkúrò bẹ́ẹ̀? Yorùbá ni. Ẹ ka 46 ní èdè wa: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ogún lọ́nà mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ọgọ́ta dín mẹ́wàá ni àádọ́ta. Àádọ́ta dín mẹ́rin ni ohun tí à ń wá. Ẹ kọ ọ́ bí olùkọ́ yín ṣe máa kọ ọ́: 20 × 3 − 10 − 4. Ìyá àgbà tó ń tajà ní Ọjà Ọba ń ṣe ìyẹn lórí láì mú bírò. Míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, kọ̀wé nípa kíkà wa yìí ní ọdún 1887, ó sì so ó mọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ.

Ẹnìkan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kíkà ní Yorùbá ò lè fún mi ní 9." Òótọ́ ni. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti dábàá pé kí a yí kíkà wa sí ti mẹ́wàá-mẹ́wàá kó lè rọ ọmọdé lọ́rùn, mo sì gbọ́ wọn yé. Ṣùgbọ́n ibi tó le yẹn gan-an ni eré ìdárayá ọpọlọ wà. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìṣirò ò ṣe é fi Yorùbá ṣàlàyé. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní iṣẹ́ wọn, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín sí. Àkọ́kọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí: set wo ni mo wà, ṣé Foundation ló ń lọ àbí Higher, kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó lè gòkè? Kì í ṣe àfojúdi, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ sì sọ ìdáhùn rẹ̀ fún àwọn òbí yín ní èdè tó yé wọn. Èkejì, ẹ gbé ìbéèrè tó le lọ bá Mọ́mì tàbí Dádì, kódà bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ ọ̀nà tuntun yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tiwọn hàn yín, kí ẹ fi ti ilé ẹ̀kọ́ hàn wọ́n. Bí ọ̀nà méjèèjì bá gbé yín dé ìdáhùn kan náà, ó ti yé yín nìyẹn. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹ bá ń ka ṣéńjì ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kà á ní Yorùbá.

Àwọn àgbà ní igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti Year 7 ni kí ẹ ti máa wò ó. Èmi ò rí i títí ó fi dé Year 10.