Ẹrù Ayálégbé Nínú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi Kàbbà ṣe ilé, ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Yàrá kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wa ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ. Bí bẹ́ẹ̀dì àti àpótí bá ti wọlé tán, ibo ni ìkòkò, sitóòfù àti sípéà táyà yóò wà? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni. Onílé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń gba owó ọdún kan lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ gbé ẹrù lọ sí Kánò, kí ó lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́nà, kí ó tó padà, onílé ti da ohun ìní rẹ̀ sínú òjò, tàbí kí ó ti ti táyà rẹ̀ mọ́lé nítorí gbèsè owó ilé. Táyà ọ̀hún ni ó fi ń wá owó ilé náà!

A kò sọ pé onílé kò lágbára lórí ilé rẹ̀. Ọ̀nà gbogbo èèyàn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sí ibi tí àwọn obìnrin ń dáná (ẹ wà láàárín wa, a mọ̀ yín), kí ó gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. A kò ní gbèjà rẹ̀. Ní ti ìkòkò àti jákì, kí onílé sọ fún ẹni tí ó ni ín, kí ó dá ọjọ́ tí ará ọ̀nà lè bá, kí ayálégbé méjì sì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń kó o.

Ní Èkó, òfin ilé gbígbé ti 2011 fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti lo ibi àjùmọ̀lò bí ó ti tọ́. Òfin yẹn kò dé Kogí, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dé ibi gbogbo. Ní 1985, ìjọba ológun Èkó lé Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Ní 1986, ilé ẹjọ́ náà bá ìjọba wí gidigidi. Ní 1997, ó tún sọ pé onílé tí ó fẹ́ gba ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà òfin. Ẹni tí kò lè lé ayálégbé láìlọ sí kóòtù, ta ni ó fún un láṣẹ láti ta ìkòkò rẹ̀?

Ọmọ ẹgbẹ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má bá onílé jà. Kí ó kọ ohun tí ó sọnù àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé, kí ó mú un wá bá akọ̀wé ẹ̀ka pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé.