Kọ̀ǹpútà yín kò kú, CD nìkan kọ́ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀

Ìjà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí mo rà ní àlòkù ní Kútọnu, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Windows inú rẹ̀ dàrú ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, nóòtì àwọn ọmọ kíláàsì méjì sì wà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ó ti CD bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kò kà á. Ó tún tì í, kò kà á. Ó gbójú sókè, ó ní: "Maître, ó ti kú." Ó ní òun á gbà á ní 10.000 CFA kí òun lè tú ẹ̀yà ara rẹ̀ tà, kí n wá san 110.000 ra èyí tó wà lórí tábìlì òun.

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò sọ pé "èmi kò mọ̀ ọ́n", tó jẹ́ pé "ó ti kú" ló sọ? Bí dókítà bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wa, ṣé a máa dákẹ́?

Ohun tó bàjẹ́ kò ju ojú tó ń ka CD lọ, eruku pupa ilẹ̀ wa yìí kì í sì í pẹ́ bà á jẹ́. Disk, mẹ́mórì, kíbọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló pé. Ìlú wa láyé àtijọ́, ẹnu ọ̀nà kan ló ní, Akaba Ìdènà; bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ó parí. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà CD, ó ní ti fláàṣì tí àwa níbí ń pè ní clé, ó tún ní ti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò tilẹ̀ ní ihò CD mọ́. Ta ló ń fi CD gbé Windows sínú ìyẹn?

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo yá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ kan, mo wa Linux Mint wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 GB. Mo wá fláàṣì 8 GB. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: ẹ má kọ́pì fáìlì náà sórí fláàṣì bí ẹ ṣe ń kọ́pì orin, kò ní ṣiṣẹ́. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ Rufus, ọ̀fẹ́ ni. Òun ló máa kọ ọ́ sórí fláàṣì lọ́nà tí ẹ̀rọ fi lè jí láti ibẹ̀, ó sì máa pa gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì náà rẹ́. Fún ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ mú MBR nínú Rufus. Lẹ́yìn náà, ẹ ti fláàṣì bọ ẹ̀rọ, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì léraléra: F12 lórí Dell, Lenovo àti Toshiba, F9 lórí HP, Esc lórí ọ̀pọ̀ Asus. Acer náà ń lo F12, àmọ́ ẹ lè ní láti kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú F2 kí ẹ gbà á láyè. Ẹ mú fláàṣì nínú àwọn tó bá jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mint máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan disk. Ibẹ̀ ni mo ti rí nóòtì àwọn ọmọ mi, kò sí ọ̀kan tó sọnù, mo sì kó wọn pamọ́ kí n tó gbé Mint wọ inú ẹ̀rọ. Ká ní mo ti gba 10.000 yẹn ńkọ́?

Ẹ̀rọ mìíràn ti dàgbà débi pé kò mọ fláàṣì rárá. Ìyẹn náà kò kú. Ẹ tú disk rẹ̀, ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà mìíràn (ẹ kọ́kọ́ yọ disk ti onílé o!), ẹ gbé Linux sínú rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ dá a padà sáyè rẹ̀. Linux kì í sábà bínú pé wọ́n gbé òun kúrò nílé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ 32-bit, Debian 13 tó jáde ní 2025 kò gbà á mọ́, àmọ́ Debian 12 àti antiX 23 ṣì gbà á.

Àwọn kan á ní Linux, ti òyìnbó ọ̀mọ̀wé ni. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Mark Shuttleworth, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kárí ayé, títí di 2011. Ní Lomé níbí, Afate Gnikou kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti jù nù, ó fi ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ní 2013. Ẹ tún fẹ́ sọ pé kì í ṣe tiwa?

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ètò kan tí kò sí ju orí Windows lọ, kó fara balẹ̀. Bí mẹ́mórì bá sì jẹ́ 2 GB, íntánẹ́ẹ̀tì á máa wọ́. Àmọ́ lẹ́tà, nóòtì, ìdánwò títẹ̀, LibreOffice tó o.

Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́ ni pé Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Àwọn tí Yúróòpù bá jù sílẹ̀, ṣebí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀? "Ó ti kú" tí a máa gbọ́ yóò pọ̀. Ẹ̀yin tó ń tún un ṣe, ẹ gba owó iṣẹ́ yín, ó tọ́ sí yín. Bí ẹ bá gbé Linux sínú ẹ̀rọ mi tí ẹ gba 5.000, màá dúpẹ́. Àmọ́ ẹ má sìnkú ohun tó ń mí.

Mint àti Debian 12 wà lọ́dọ̀ mi ní Kétu báyìí. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, láti Ìlárá tàbí Ìmẹ̀kọ, kó mú fláàṣì 8 GB dání. Mi ò gba kọ́bọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó yín tó wà lórí fláàṣì yẹn, ẹ kó o kúrò kí ẹ tó kúrò nílé.