A Ń San Owó Ìdọ̀tí, Ìdọ̀tí Ò Kúrò Nílẹ̀

Ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ̀dá, láti Ẹ̀gbẹ̀dá dé Ìgàndò: ìwé owó ìdọ̀tí kì í pẹ́ dé, ọkọ̀ tí yóò kó ìdọ̀tí náà ni kì í tètè dé. Ìkòtún ni èmi náà ń gbé, mo sì ń san tèmi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí a jókòó sọ ọ́ lónìí, pàápàá jù lọ apá kan tí ó ń dùn mí ju ìyókù lọ, èyíinì ni ti àpò méjì tí wọ́n ní kí a máa ya ìdọ̀tí sí.

Ẹni tí kò bá dé Alímọ̀ṣọ́ rí lè rò pé abúlé kan ni. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni ìjọba àpapọ̀ kà níbẹ̀. Ìjọba Èkó kọ̀ jálẹ̀, ó ní tòun ju mílíọ̀nù méjì lọ. Èyí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí èrò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sí wẹ́wẹ́ ní ọdún 2003, ara Alímọ̀ṣọ́ nìkan ni a ti gé mẹ́fà. Ilé tí ó ní èrò tó báyìí, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ààtàn rẹ̀ yóò ti rí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdọ̀tí tiwa nìkan ni a ń bá wọ̀jà. LAWMA fúnra rẹ̀ sọ pé ìdọ̀tí Èkó tó nǹkan bíi 13,000 tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ń kó o lọ ni ààtàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Solous, Ìgàndò níbí ni ó sì wà, lẹ́bàá òpópónà LASU sí Ìṣẹ̀rí, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́. Solous àkọ́kọ́ kún, wọ́n ṣí èkejì; èyí náà ò tó, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta. Bí òjò bá rọ̀, omi dúdú a máa sun jáde lábẹ́ rẹ̀; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èéfín ni. Ará Ìgàndò wá ń san owó kí wọ́n bá a gbé ìdọ̀tí kúrò nílé rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ilé àbúrò rẹ̀.

Àwọn àgbà tí ó gbé ayé ìgbà wolé-wolé yóò rántí ọkùnrin aláṣọ kákí náà. Bí ó bá wọ agbo ilé, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, ìdí ìkòkò omi ni ó ń lọ tààrà. Bí ó bá rí tanwíji níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó wá ṣe. Tòde òní ni ó ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Èkó dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa kó ìdọ̀tí sílẹ̀. Ní 1991 ó di LAWMA. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn aládàáni wọlé, àwọn tí gbogbo wa mọ̀ sí PSP. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó di ọdún 2017, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tuntun lórí àyíká, ó gbé ètò tí wọ́n pè ní Cleaner Lagos dé, wọ́n gba ìdọ̀tí inú ilé lọ́wọ́ PSP, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ Visionscape, òfin náà sì dá owó tuntun lé onílé àti ayálégbé lórí. PSP gba kóòtù lọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ni ó tún ń le sí i: ní 2018, ìdọ̀tí jókòó sí àárín títì káàkiri Èkó bí ẹni pé òun náà ń dúró de mọ́tò. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni ààtàn Olúsosùn gbiná. Nígbà tí Gómìnà Sanwo-Olu wọlé ní oṣù karùn-ún 2019, PSP náà ni ó tún di ẹni à ń ké sí.

N kò sọ èyí láti tú egbò tí ó ti jiná. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tí wọ́n ń bínú pé ará Alímọ̀ṣọ́ kì í fẹ́ san owó ìdọ̀tí. Orúkọ oríṣiríṣi ni a ti pe owó náà létí wa, ìdọ̀tí kan náà ni ó ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí n má gbè sẹ́yìn ara wa jù. A ní àwọn tí wọ́n ń dúró de òjò kí wọ́n lè da ìdọ̀tí wọn sínú gọ́tà. A ní àwọn tí wọ́n ń jí ní ààjìn, tí wọ́n ń gbé ọ̀rá lọ jù sí àárín títì bí ẹni gbé ẹbọ. Ẹ sì wò ó lójú ẹni tí ń san: òun àti ẹni tí kò san jọ ń tẹ àgbàrá kan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àtúnlò. Lábẹ́ ìjọba tí ó dé ní 2019, LAWMA gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Blue Box. Èrò rere ni: kí onílé ya ike, agolo, páálí àti ìgò sọ́tọ̀ kúrò lára èérún oúnjẹ, kí àwọn tí ń tún un lò lè rí i kó. Ní agbo ilé tiwa, a gbọ́, a sì gbà. Ìyàwó mi kọ́ àwọn ọmọ. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn tilẹ̀ máa ń ṣan agolo mílíìkì kí ó tó sọ ọ́ sínú àpò tirẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta tí a ti ń ṣe é, kí n tó bá ọkọ̀ akólẹ̀ pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọkùnrin tí ń kó o gbé àpò kìn-ín-ní, ó dà á sínú ọkọ̀. Ó gbé èkejì, ó dà á lé e lórí. Irin inú ọkọ̀ sì lọ̀ wọ́n pọ̀.

Mo ní, “Ọmọ mi, kí ló dé tí ẹ dà wọ́n pọ̀?”

Ó wò mí bí ẹni wo àlejò. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ kan náà ni, Solous kan náà sì ni.”

N kò bá a jà. Ọmọ náà kò purọ́, òun kọ́ ni ó sì ni ọkọ̀. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí ó rán an, tí n kò ní dárúkọ níhìn-ín. Ìwé owó oṣù tí ó tẹ̀lé e ni èsì tí mo rí gbà.

Níbi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ nìyí. Ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀, ì báà jẹ́ pé ó dà á pọ̀, iye kan náà ni onílé yóò san. Bí ó bá yà á sọ́tọ̀, ó di dandan kí ó wá ọkọ̀ mìíràn, epo mìíràn, ọmọ iṣẹ́ mìíràn. Ta ni yóò san ìyẹn? Onílé náà, bí ó ṣan agolo, bí kò ṣan án, bíìlì rẹ̀ kò yẹ̀. A kò wọn nǹkan kan, a kò ka nǹkan kan, a kò sì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìwàásù nìkan ni a fi ń ti ètò náà.

Ẹ wá wo àwọn tí ìjọba kò pè. Ìyá kan wà tí ń ta omi tútù lọ́nà ọjà Ìkòtún. Gbogbo ike omi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá mu tán, inú àpò ìrẹsì ni ó ń kó o sí. Bí ọlọ́mọlanke bá dé, yóò gbé òṣùwọ̀n jáde, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe ìyá yìí sí ìpàdé rí. Bákan náà ni àwọn tí ń ṣa ike àti irin lórí Solous; bí kì í bá ṣe tiwọn, òkè náà ì bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba a sì máa lé ọlọ́mọlanke kiri, wọ́n ní inú kánáà ni ó ń da ìdọ̀tí sí lóru. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú mi ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí a fún ní nọ́ńbà àti ibi tí yóò máa dà á sí, ṣé yóò tún máa sá fún ìmọ́lẹ̀?

Kì í ṣe ohun tí a kò rí rí nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Kẹ̀kẹ́ tí a so àpótí ẹrù mọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti ilé dé ilé. Wọ́n ń wọn ohun tí ènìyàn kó jọ, wọ́n ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù onítọ̀hún, òun sì ń fi gba ohun èlò ilé. Òṣùwọ̀n ni ó ṣe é, ìyẹn ni ètò ti àdúgbò wa kò ní.

Ìjọba ń ṣòfin, kí a má parọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024 wọ́n de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí a ń bu oúnjẹ sí; láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2025, òfin tún de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti kọ́ọ̀bù àlòdànù. Ẹni tí ń ta ìrẹsì ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Nísinsìnyí, ta ni kí a bi? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ka kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà. Oṣù keje 2025 ni wọ́n sì dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ tuntun. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní kí a lọ béèrè ní Aláùsá, kí a rọra mú àga jókòó. Ohun tí èmi yóò béèrè kò pọ̀: kí àpò ike ní ọjọ́ tirẹ̀, kí a wọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, kí a sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú bíìlì. Kí káàdì kan sì wà lẹ́nu géètì, tí akólẹ̀ yóò máa fọwọ́ sí nígbàkigbà tí ó bá dé, kí owó lè máa tẹ̀lé iye ìgbà tí ó wá.

Mo ti lẹ káàdì tèmi mọ́ géètì. Kí ẹ̀yin náà ṣe é fún oṣù kan, ní Ẹ̀gbẹ̀dá, ní Ìdímù, ní Ìgàndò. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò yín àti iye ìgbà tí ọkọ̀ dé ránṣẹ́ sí mi, màá tò ó sí ojú ewé yìí bí ó bá ti ń tẹ̀ mí lọ́wọ́.