Kí Ẹ Tó Sanwó fún Àjáǹsì: Ta Ni Yóò Dáhùn Nílé?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ olùgbọ́ ní Banigbé, Daagbé, Lagbè, Tchaada, Ko-Koumolou àti Ifangni fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ọjà gàrí tàbí epo. Ọjà iṣẹ́ ni: àwọn àjáǹsì tó ń wá ọmọ tí yóò lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Kùwéètì, Lẹ́bánónì àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá mìíràn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá kọjá ibodè ní Igolo, Ìdí-Ìrókò ló bọ́ sí yẹn. Kò ṣòro kí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà wá máa wá òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìwé tó fi hàn yín lè jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n ìwé Èkó kì í ṣe àṣẹ ní Benin. Níbí, òfin 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló wà fún gbígba òṣìṣẹ́ àti bíbá èèyàn wá iṣẹ́.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "Èló ni owó oṣù?" Ìbéèrè náà ni: "Bí wàhálà bá dé, ta ni yóò dáhùn nílé níbí?" Ẹni tó ra ewúrẹ́ lọ́jà a máa fẹ́ mọ ilé ẹni tó tà á. Kí ló wá dé tí à ń fa ọmọ èèyàn lé ẹni tí a kò mọ̀ ju nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ lọ?

Ẹ wo bó ṣe rí lọ́hùn-ún. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní káfálà: ọ̀gá tó gba òṣìṣẹ́ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sá kúrò nílé ọ̀gá, òun gan-an ni wọ́n lè mú. Ní Lẹ́bánónì, òfin iṣẹ́ ọdún 1946 yọ òṣìṣẹ́ ilé sẹ́yìn. Kùwéètì ní tirẹ̀ ṣe òfin 68 lọ́dún 2015: iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́, ọjọ́ ìsinmi kan wà lọ́sẹ̀, ọ̀gá kò gbọdọ̀ gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Òfin dára. Àmọ́ ọmọ tí kò gbọ́ Lárúbáwá, tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́, báwo ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ adájọ́?

Àwọn ará Philippines ti ronú sí i. Òfin 8042 wọn, ti ọdún 1995, sọ pé àjáǹsì ilé àti ọ̀gá òkè òkun ni yóò jọ ru gbèsè owó òṣìṣẹ́. Bí ọ̀gá kò bá san, wọ́n á mú àjáǹsì nílé. Irú nǹkan tó yẹ kí àwa náà máa bèèrè nìyẹn.

Ẹlòmíràn á ní, "Iṣẹ́ kò sí níbí, ẹ má ba oúnjẹ ọmọ wa jẹ́." Òótọ́ ni, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ o. Àmọ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ tí ẹ bá tà kí ẹ lè sanwó àjáǹsì, ó ti lọ nìyẹn. Ìlànà 181 ti Àjọ Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1997, sọ pé kò yẹ kí àjáǹsì gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, ẹ fura sí i.

Mo sì rò pé ó yẹ kí mairie wa ní ìwé kan, tí gbogbo ẹni tó bá wá kó òṣìṣẹ́ yóò kọ orúkọ àti ilé rẹ̀ sí, kó tó bá ọmọ ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ olùgbọ́ lè lọ bèèrè fún un.

Kí ẹ tó túká lónìí, ẹ jọ jíròrò èyí: ta ni àjáǹsì yẹn nílé? Èdè wo ni wọ́n fi kọ àdéhùn náà, ta ló sì kà á fún yín? Ẹ̀dà rẹ̀ dà? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó dìgbà o.