Ọ́ìlì tí ẹ ń dà sínú mọ́tò, àti ike tí ẹ ń gbé e pamọ́ sí

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa bi ara wọn pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì mọ́tò. Ó kàn mí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin bàbá wa tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, l'Ókìtìpupa níbí, ní Ìgbótako, ní Ìlútitun, ní Òde-Aye àti Òde-Ìrèlẹ̀, lẹ ti ń fọwọ́ ara yín ṣe sáfíìsì mọ́tò báyìí, nítorí pé owó tí mẹkáníìkì ń gbà ti ju ohun tí owó ìfẹ̀yìntì lè gbé lọ. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń gbé wá bá àwa nọ́ọ̀sì kì í ṣe mọ́tò tó bàjẹ́, ọmọ tó mu nǹkan inú ike ni, tàbí bàbá tí omi rédíétọ̀ bó lójú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ìyẹn ohun tó yẹ kí ẹ rà, àti bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀ nínú ilé tí ọmọdé wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Gbogbo àwa ọmọ Ìkálẹ̀ la mọ epo pupa, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Ẹ mọ̀ pé lówùúrọ̀ ọyẹ́, epo pupa máa ń dì sínú ìgò, tí oòrùn bá sì là, á yọ́, á máa ṣàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì mọ́tò rí. Tó bá tutù, ó máa ń ki. Tó bá gbóná, ó máa ń ṣàn bí omi. Ohun tí nọ́ńbà ara gálọ́ọ̀nù ń sọ nìyẹn. Tí ẹ bá rí 20W-50, nọ́ńbà tó wà níwájú W ń sọ bí yóò ṣe ṣàn tó nígbà òtútù, nọ́ńbà ẹ̀yìn sì ń sọ bó ṣe máa ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Bí nọ́ńbà iwájú bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì náà ṣe tètè ń gòkè lọ sí orí ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta mọ́tò jí lówùúrọ̀, àsìkò yẹn sì wà lára ìgbà tí irin máa ń jẹ irin jù.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ló gbà pé 20W-50 ni gbogbo mọ́tò ń mu, torí pé oòrùn wa mú. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ̀nà fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504 àti Datsun. Kò tọ̀nà fún àwọn tòkunbọ̀ tó pọ̀ jù lójú títì báyìí. Toyota Corolla ti ọdún 2003 sí 2008, fún àpẹẹrẹ, 5W-30 ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, kò sì mu ju nǹkan bíi lítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Tí ọ́ìlì bá ki jù, kò ní í tètè débi tó yẹ. Ẹ ka ìwé mọ́tò yín. Bí ẹni tó ta á fún yín kò bá fún yín ní ìwé, ẹ wo ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò náà ti gbó, tó ń mu ọ́ìlì, tó ń rú èéfín búlúù, ọ́ìlì tó ki díẹ̀ lè dín ìmukúmu náà kù, ṣùgbọ́n kò wo àìsàn náà sàn, bí ìgbà tí èèyàn ń lo panadó fún ibà ni.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wá lẹ́tà API lára gálọ́ọ̀nù. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, mọ́tò tó ń mu bẹntiróòlù ló ni ín; èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, ti dísù ni. Lẹ́tà kejì ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. SL jáde ní 2001, SN ní 2010, SP ní 2020. Bí lẹ́tà náà bá ṣe jìnnà sí A tó ló ṣe dára tó. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ SA tàbí SB sí lára kò yẹ kó wọ mọ́tò kankan tí ẹ ń wà lónìí, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọjú tó. Ẹ rà á nílé epo tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ wo bóyá wọ́n ti já ìdè ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tí ẹ bá lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ la gálọ́ọ̀nù náà, torí pé òfìfo yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kò gùn. Ọ̀kadà bíi Bajaj Boxer kò mu ju nǹkan bíi lítà kan lọ, ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń tètè gbó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass” kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, inú bẹntiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́. Púpọ̀ wọn ń fẹ́ ìdá kan ọ́ìlì sí àádọ́ta bẹntiróòlù. Èéfín tó ń bò yín mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀ lè jẹ́ torí pé ọ́ìlì ti pọ̀ jù níbẹ̀ ni, àmọ́ kí èéfín náà dínkù kò sọ pé ẹ lè gbé e wọlé o. Majele tó ń pààyàn nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì wá ni ti èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ DOT 3 tàbí DOT 4. Èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí ibi tí wọ́n ń dà á sí ni kí ẹ rà. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, ẹ ò gbọdọ̀ pò ó mọ́ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, àwa tí ilẹ̀ wa sún mọ́ etí òkun, tí afẹ́fẹ́ wa sì lómi nínú, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ èyí. DOT 3 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìgò tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 140. Ọjọ́ tó bá hó nínú páìpù lẹ ó tẹ bíréèkì tí yóò lọ fara kan ilẹ̀, tí mọ́tò kò sì ní í dúró. Ìgò tí ẹ ti ṣí látọdún tó kọjá, ẹ má tún dà á sí mọ́tò mọ́. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ èyí tó wà nínú mọ́tò. Tó bá sì ń wálẹ̀ léraléra, ẹ má wulẹ̀ máa fi kún un, ó lè jẹ́ pé pádì ti jẹ tán tàbí pé ó ń jò. Ẹni tó bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì síbẹ̀ ti ba bíréèkì náà jẹ́, torí pé gbogbo ràbà inú rẹ̀ ni yóò wú.

Ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì náà ní ti ẹ̀yà mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ti Honda kì í ṣe ti Toyota. Pé ó pupa kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Ní ti rédíétọ̀, omi lásán kò tó. Kóólàǹtì tí ẹ ń rí ní àwọ̀ ewé tàbí pupa tàbí osùn kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè hó. Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti pò tán, tàbí kí ẹ pò ó pẹ̀lú omi tí kò níyọ̀ nínú, ìlàjì sí ìlàjì. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó bá ṣì gbóná, ẹ dákun. Ẹ fún un ní ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ó bá ti bó yín, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi epo pupa, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín. Gbogbo rẹ̀ ni a óò tún fi ìrora fọ̀ kúrò kí a tó lè rí egbò náà.

Ibi tí mò ń bọ̀ nìyí. Kóólàǹtì yẹn dùn. Mo tún un sọ, ó dùn lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi mínírà. Ohun tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ethylene glycol, ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá mu ún yóò kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni tó mutí yó, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa bì, á wá dà bíi pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, kó tó di pé ìtọ̀ rẹ̀ dá. Díẹ̀ báyìí ló ń ṣe ọmọ kékeré lọ́ṣẹ́. Ìbátan rẹ̀ kan wà, diethylene glycol, tí wọ́n ń lò nínú ọ́ìlì bíréèkì àti kóólàǹtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tọ́mọ ní 2008 kò ní í gbàgbé “My Pikin”, oògùn eyín ọmọ. Ohun tó wọ inú oògùn yẹn nìyẹn. Dípò èròjà tó yẹ kí wọ́n fi ṣe é, èyí ni wọ́n rí rà lọ́jà kẹ́míkà. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2009, ọmọ 84 ni ìjọba kéde pé ó ti kú. Ní 2022, irú nǹkan kan náà wáyé ní Gáńbíà, nínú oògùn ikọ́, ọmọ tó lé ní 60 ló bá a lọ. Ìyẹn jẹ́ oògùn tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Kí wá ni ká sọ nípa èyí tó wà nínú ike omi lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná?

Ẹ sì rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlẹ̀, lórí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí. Àwọn ọkùnrin ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn, ojú wọn ń ṣú, wọn ò ríran mọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, methanol ni wọ́n bá, inú ògógóró ló ti wá. Methanol yìí kan náà wà nínú púpọ̀ lára omi tí wọ́n fi ń fọ dígí iwájú mọ́tò. Kò sí ojú tó lè fi í mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí, òórùn rẹ̀ náà kò sì tó sọ fúnni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ike omi tàbí ìgò mínírà kò gbọdọ̀ gba ọ́ìlì, kóólàǹtì, ásíìdì bátìrì, kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù sínú láé. Inú ike tí wọ́n bá a wá ni kó wà, kí ẹ tì í mọ́ ibi tó ga. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni mò ń sọ o. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tó dìde lóru wá omi tí yóò fi lo oògùn, òun náà ń na ọwọ́ mú ike tó bá kọ́kọ́ bá pàdé.

Tó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fi ìka sí ọmọ náà lọ́fun pé kó bì. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù tó ń padà bọ̀ lókè lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pani. Ásíìdì ní tirẹ̀ yóò tún jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fún un ní epo pupa mu. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa gbà gbọ́ nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé epo pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n èébì ló ń fà. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó bá ta sí, ẹ fi omi fọ ara rẹ̀, ẹ mú ike náà lọ́wọ́ kí dókítà lè rí i, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ kóólàǹtì, ẹ má dúró wò ó pé ṣé yóò ṣe é ní nǹkan. Oògùn tó ń dá a dúró wà, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Ó ku kòǹdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tí ẹ dà jáde. Àwọn kan ń fi pa ara fún èékú, àwọn mìíràn ń fi pa ẹsẹ̀ ọmọ tí ìfo mú. Àwọn nǹkan tó ti jóná wọ inú ọ́ìlì náà wà lára ohun tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara bó bá pẹ́ lára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ràbà tí ẹ bá ń dà á, ẹ má ki àkísà tó rin sinṣin sápò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ má dà á sí gọ́tà tí yóò gbé e lọ sódò Olúwa, odò tí àwọn èèyàn wa ti ń pẹja. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tàbí àwọn tó ń fi pa pákó kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbéèrè àwọn òǹkàwé tó ń bi mí nípa orúnkún tó ń dun àgbàlagbà la óò dáhùn.